PỌ́DÍKÁÀSÌ: ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ TÍ Ó Ń DÚRÓ DE OLÙGBỌ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹni tí kì í ṣọ́ ẹnu ni wọ́n ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo fẹ́ fi í sọ nǹkan mìíràn: ohùn tí a kò bá tọ́jú náà, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ní ìsinmi ọdún kejì mi ní yunifásítì, mo lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Olùkọ́ wa nínú lítíréṣọ̀ alohùn ti ní kí oníkálukú lọ gba ohun kan sílẹ̀ wá. Ìyá àgbà gbà láti sun ẹkún ìyàwó tí ó sun ní ọjọ́ tí ó kúrò nílé bàbá rẹ̀ fún mi. Mo gbé fóònù mi lé orí àga. Fáànù ń fẹ́, ẹ̀rọ ìlọta ń ké lójúde, n kò sì yẹ ohun tí mo gbà wò. Nígbà tí mo padà dé yàrá mi tí mo gbọ́ ọ, fáànù ni ó gba iwájú. Ohùn ìyá àgbà dàbí ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Mo ní n ó tún un gbà bí mo bá tún lọ. Kí n tó lọ, ìyá àgbà ti re ibi àgbà ń rè. Ìdí nìyí tí mo fi lọ kọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín yìí.

KÍ NI PỌ́DÍKÁÀSÌ?

Rédíò dé Èkó ní ọdún 1935. Inú wáyà ni ó ń gbà wọlé nígbà náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa sọ ọ́, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Àbùkù mìíràn tún wà lára rẹ̀: kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ètò bá wáyé ní agogo mẹ́rin tí o wà lọ́jà, ó kọjá nìyẹn.

Pọ́díkáàsì ni asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó ń dúró. Ètò alohùn ni, tí a gbà sílẹ̀ ní apá-apá tí a sì kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ nígbà tí ó wù ú, kí ó dá a dúró, kí ó sì padà sẹ́yìn. Ben Hammersley, akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ lo orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn The Guardian ní oṣù Èrèlé ọdún 2004. Ó mú un láti ara iPod, ẹ̀rọ orin tí ó gbòde nígbà náà, àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Nígbà tí Apple fi í sínú iTunes ní oṣù Òkúdu ọdún 2005, ó di ohun tí tẹrú-tọmọ ń gbọ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹni tí ó ṣe ètò yóò gbé fáìlì ohùn rẹ̀ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń bá ènìyàn pa irú rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣe àkọsílẹ̀ kan tí à ń pè ní RSS, tí orúkọ apá kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ó jáde àti ibi tí ó wà yóò wà nínú rẹ̀. Áàpù orí fóònù olùgbọ́ a máa yẹ àkọsílẹ̀ yìí wò látìgbàdégbà, bí oníbàárà ṣe ń yà lọ́dọ̀ olùtà ìwé ìròyìn. Bí ó bá rí tuntun, á mú un wá.

BÍ A ṢE Ń GBỌ́ Ọ

Apple Podcasts wà fún oníPhone. Spotify wà fún tẹrú-tọmọ. AntennaPod wà fún oní-Android, ọ̀fẹ́ sì ni. Google Podcasts ti kógbá sílé ní ọdún 2024, ẹ má wá a mọ́. Ẹ wá orúkọ ètò, ẹ tẹ ibi tí ẹ ó ti máa tẹ̀ lé e, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ níbi tí Wáí-fáì bá wà, nítorí owó dátà. Ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a ṣe ní 64 kílóbíìtì kò ju nǹkan bí 14 mẹ́gábáìtì lọ. Ní 128, ó tó ìlọ́po méjì. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, 64 tó.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mú kókó kékeré. "Àṣà Yorùbá" jẹ́ òkun. "Ẹkún ìyàwó ní ìlú mi" tó apá mẹ́wàá.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gba ohùn. Oríkì orílẹ̀ kì í ṣe ti ẹnìkan, ti ìdílé ni. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ti awo, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ti awo.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wá yàrá tí ibùsùn, kọ́tìnì àti aṣọ wà, nítorí ògiri lásán a máa dá ohùn padà. Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu, kí ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà lù ú, kí ẹ sì ṣe é kí ìpè má lè wọlé. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan péré, ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ, kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú kan yìí ni n kò ní sùúrù fún ní Ìṣẹ́yìn.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ fi Audacity tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ gé ikọ́ àti ariwo kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má gé ìdánudúró àgbà: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń mí. Ẹ pa ojúlówó tí ẹ kò gé mọ́ sí ibi méjì.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ gbé e jáde. Spotify for Creators, tí a ń pè ní Anchor tẹ́lẹ̀, kì í gba owó ìpamọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà. Ẹ fi àmì ohùn sórí àkọlé yín pẹ̀lú. Bí a bá kọ "oko" lásán, ta ni yóò mọ̀ bóyá oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni?

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo tún lọ sí Ìṣẹ́yìn, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré. Mo pa fáànù. Mo gba ìṣẹ́jú kan, mo jẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé èmi náà rèé? Ó dára, máa gbà á." Ohùn rẹ̀ ni apá kìíní ètò mi. Ìyá mi gbọ́ ọ ní ilé ìdáná, ó sì tẹ̀ mí láago, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ẹkún ti Màmá Kékeré kì í ṣe ti ìyá àgbà. Àwọn ibì kan wà nínú ti ìyá àgbà tí fáànù gbé mì, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ mọ́ láéláé.

Ìsinmi ń bọ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ wa, àgbà ṣì wà nílé. Ẹ ráyè lọ kí wọn. Kí ẹ sì rántí láti pa fáànù.