Léèsì hàn, ojú ìyàwó kò hàn: ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú kámẹ́rà

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìgbéyàwó ní Accra, gẹ́gẹ́ bó ti rí ní Èkó. Ẹni tó bá gba Kwame Nkrumah Circle wọ Kokomlemle lọ́sàn-án gangan yóò mọ irú oòrùn tí fọtógíráfà ń bá wọ̀jà níbẹ̀. Bó ṣe ń dán lórí léèsì funfun ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ló ń fi òjìji sí ihò ojú rẹ̀. Tí fọ́tò bá wá jáde, ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ rí: ojoojúmọ́ òwú léèsì ṣeé kà, ojú ìyàwó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹbí á ní kámẹ́rà kò dáa.

Kámẹ́rà kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ fi fọ́tò yíyà wé ìkòkò tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò. Bí ẹnu ìkòkò ṣe fẹ̀ tó ni ojú lẹ́ńsì. Bó ṣe pẹ́ tó lábẹ́ òjò ni àkókò tí ṣọ́tà fi ṣí. Ẹ̀kẹta ni ISO, ìyẹn bí fíìmù tàbí ẹ̀rọ ayé òde òní ṣe tètè ń gba ìmọ́lẹ̀ sí. Tí ẹ bá kúrò ní f/16 bọ́ sí f/11, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Láti f/11 sí f/8, ó tún di ìlọ́po méjì. Òfin àtijọ́ ni pé lábẹ́ oòrùn tó mú ganrínganrín, f/16 ni kí a lò, kí ṣọ́tà sì ṣí fún ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá, tí ISO bá jẹ́ 100. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo ojú ọ̀run, ẹ ṣí lẹ́ńsì sí f/11 tàbí f/8.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ̀yàtọ̀ ènìyàn sí ògiri. Ó gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, àwọ̀ eérú ni. Bó bá rí léèsì funfun tó gba gbogbo ojú ìran, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Ojú ìyàwó ló máa jìyà rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé aṣọ dúdú ìsìnkú ló rí, òdìkejì ni yóò ṣe: á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, aṣọ á ṣì bí ẹni pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ nígbà ogún. Nítorí náà, fọtógíráfà tó gbọ́n a sún mọ́ ojú ènìyàn láti wọ̀n ọ́n, kò ní jẹ́ kí aṣọ pàṣẹ fún un.

Àwọn òyìnbó pàápàá dá kún un. Láti àwọn ọdún 1950, káàdì tí wọ́n ń pè ní Shirley, tó ní àwòrán obìnrin funfun, ni Kodak fi ń ran àwọn tó ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀hónú àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àga onígi, tí àwọ̀ ọjà wọn kò hàn dáadáa, wà lára ohun tó mú kí wọ́n tún fíìmù ṣe. Èyí yẹ kó dunni: igi ní agbẹjọ́rò ju ènìyàn lọ!

Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá wà ní Accra. James Barnor, tí wọ́n bí ní 1929, ní ilé fọ́tò Ever Young ní Jamestown. Ó lọ sí Ìlú Ọba ní 1959, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù aláwọ̀, ó sì gbé ìmọ̀ náà padà wá sí Ghana ní nǹkan bí 1970. Felicia Abban, tó kú ní 2024, ní ilé fọ́tò tirẹ̀ ní Jamestown bákan náà, ó sì máa ń ya ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní November 18, 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Fọ́tò kì í wúwo, ó ṣeé kì sínú àpótí. Lónìí, inú àwọn fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ọmọ-ọmọ ti ń wá ojú bàbá àgbà.