Rókẹ́ẹ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe: báwo ló ṣe kúrò nínú ayé?

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, rókẹ́ẹ̀tì kan gbéra ní aṣálẹ̀ Black Rock ní ìpínlẹ̀ Nevada, l'Amẹ́ríkà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ó ti ń sáré ju ìró ohùn lọ. Nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá 19 fi máa pé, eré rẹ̀ ti tó nǹkan bíi kìlómítà 5,800 ní wákàtí kan. Ibẹ̀ ni èròjà inú rẹ̀ ti jó tán, ṣùgbọ́n kò dúró. Afẹ́fẹ́ tí ì bá dá a dúró ti fẹ́lẹ́ lókè ibẹ̀, ló bá ń gun òkè lọ títí ó fi dé nǹkan bíi kìlómítà 143. Láti ọdún 2004 ni rókẹ́ẹ̀tì GoFast ti wà nípò iwájú nínú gígun òkè láàárín àwọn rókẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe ti ìjọba tàbí ti oníṣòwò. Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe é, ní University of Southern California, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tíì gba dìgírì àkọ́kọ́ nígbà náà. Rocket Propulsion Lab ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, Aftershock II sì ni rókẹ́ẹ̀tì náà: gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 14, ó wúwo tó 150 kìlógíráàmù.

Àwọn fúnra wọn ló ń po ohun tó ń jó nínú ẹ̀rọ wọn, iṣẹ́ yẹn ò sì gba wàdùwàdù. Wọ́n á po ammonium perchlorate, tó ń pèsè ọ́síjìn, mọ́ ohun tó ń jó àti rọ́bà tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì dúró kó gan. Bí ihò afẹ́fẹ́ kan bá sá pamọ́ sínú rẹ̀, tàbí tó bá sán, iná á rí àyè púpọ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí àgbá tó gbé e dání lè gbà lọ, á sì bẹ́. Kò sí ìdánwò kíláàsì tó ń kọ́ni ní sùúrù tó èyí, lójú tèmi.

Ooru tí eré rókẹ́ẹ̀tì náà ń fà tún wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, carbon ni wọ́n fi ń ṣe etí ìyẹ́ tó wà nídìí rókẹ́ẹ̀tì wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, titanium ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n máa rí i gbà padà, titanium tó ń dán bíi fàdákà ti di aláwọ̀ búlúù. Ooru ojú ọ̀nà ló pa á láró.

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ojú wọn ti rí nǹkan. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018, rókẹ́ẹ̀tì wọn tó ń jẹ́ Traveler III gbéra dáadáa, àṣé wọn ò tan ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ṣàkọsílẹ̀ ìrìn àjò náà! Kò sí àkọsílẹ̀ kankan, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí sọ ibi tó gùn dé.

Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹrin, ọdún 2019, Traveler IV gbéra ní Spaceport America, ní New Mexico. Kìlómítà 100 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ibi tí gbalasa òfuurufú ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò wọn fi hàn pé Traveler IV dé kìlómítà 103.6, ṣùgbọ́n àṣìṣe ìwọ̀n náà lè tó kìlómítà márùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹlòmíràn á fi ìyẹn pamọ́, á máa jó kiri ìgboro. Àwọn ọmọ yìí kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn gbangba: ìdá 90 nínú 100 ni ìdánilójú àwọn pé ó kọjá ààlà náà.