Yàrá La Gbà, Ta Ló Ni Ṣálángá?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ààyè kì í há adìyẹ kó má lè dé ìdí àba rẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ títí di ọdún tí mo gba yàrá kan ní Sango-Ọ̀tà. Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni: yàrá 8 lápá ọ̀tún, 8 lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan láàárín. Ṣálángá méjì ló wà lẹ́yìnkùlé, kànga kan sì wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wọn.

Ìdí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ níbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, tí ilẹ̀ sì ń wọ́n sí i ní Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sí Ọ̀tà àti Àgbárá. Òṣìṣẹ́ tẹ̀lé ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé gbígbé kò yára tẹ̀lé òṣìṣẹ́. Ní ilé wa, ọkùnrin mẹ́rin ló jọ ń san owó yàrá kan. Méjì ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, méjì ń ṣiṣẹ́ òru. Bí àwọn kan ti ń dìde lórí ibùsùn ni àwọn yòókù ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà òjò, ṣálángá kún. Omi gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde sí àgbàlá. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ọmọdébìnrin kan ní yàrá kẹta fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ ọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a ránṣẹ́ pe Bàbá onílé. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ wa tán, wọ́n wá ní, "Ènìyàn méjì-méjì ni mo ní kó máa gbé yàrá kan. Ta ló kó àwọn yòókù wọlé? Ẹ̀yin tí ẹ mú un kún ni kí ẹ wá ẹni tí yóò kó o."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu. Èmi gan-an ń wo ilẹ̀. Èmi nìkan ni mo gba yàrá mi, ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin ti wá bá mi, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì sì tẹ̀ lé e nígbà tí wọ́n ríṣẹ́. Ta ni yóò lé ọmọ bàbá rẹ̀ síta? Yàrá kótópó gba ogún ọmọlúàbí, bí wọ́n ṣe ń wí. Ṣùgbọ́n ṣálángá kò gbọ́ òwe.

Ìyá kan tó ń dín àkàrà níwájú ilé ló fọhùn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí owó iná bá dé, orí-orí lẹ ń kà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà wá bẹ́ẹ̀ náà bí ọ̀rọ̀ ṣálángá bá dé."

Bàbá kò fèsì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a ka ara wa: ènìyàn 61. Àjọ UN-Habitat gbà pé bí ènìyàn bá ju mẹ́ta lọ nínú yàrá kan, yàrá náà ti há jù. Tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin-mẹ́rin.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà yẹn títí. Èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ yàrá mi. Bó bá dọ̀tí, ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n kò sí ayálégbé kankan tó gba ṣálángá, kànga tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ewúrẹ́ àjùmọ̀ní, ebi ní í pa á kú. Onílé nìkan ni ẹni tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, òun nìkan ló sì ń gbowó lọ́wọ́ gbogbo wa.

Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní 2011, sọ èyí láìfi bọpo bọyọ̀: àyàfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, onílé ni yóò máa tún ara ìta ilé àti àwọn ibi àjùmọ̀lò ṣe, kò sì gbọdọ̀ dí ayálégbé lọ́wọ́ ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò. Òfin Èkó kò de onílé Sango, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá wọkọ̀ ní Tollgate kì í pẹ́ dé Alákùkọ tí í ṣe ilẹ̀ Èkó. Síbẹ̀, ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Bàbá san owó àwọn tó wá kó ṣálángá náà. Wọ́n tún kọ́ ẹ̀kẹta kí òjò ọdún kejì tó dé, wọ́n sì fi owó kún owó ilé. Ìyá ọmọ tó ṣàìsàn ni kò lè san án. Òun ló kọ́kọ́ kó jáde. N kò tíì gbàgbé bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wá yàrá, ẹ má ṣe wo yàrá nìkan. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ béèrè iye ènìyàn tó ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ẹ béèrè ẹni tí yóò kó o bó bá kún àti iye ènìyàn tí yàrá kan gbọdọ̀ gbà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì gba ríṣíìtì. Bí ẹbí bá fẹ́ wá bá yín gbé, ẹ sọ fún onílé kí wọ́n tó gbẹ́rù dé.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń kọ́lé tiyín ní Ìjokò tàbí Atan, kí ẹ tó ka iye yàrá tí ẹ óò fi rẹ́ǹtì, ẹ kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tí yóò máa ji lọ sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀.