Oògùn Tí Ń Gé Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Jẹjẹrẹ, àti Ọjọ́ Tí Ó Yẹ Kí A Gbà Á

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan mú káàdì àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó mú ọkùnrin náà ní ìfun ìsàlẹ̀, ìyẹn ìfun tí ìgbẹ́ ń gbà kọjá kẹ́yìn kí ó tó jáde. Ó ti lé ní ọdún kan tí ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ó sì ń mu àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí sí i. Nísinsìnyí, dókítà ti ṣètò oògùn kímò àti iná ìtànṣán fún un, lẹ́yìn náà iṣẹ́ abẹ. Obìnrin náà ní, "Nọ́ọ̀sì, a gbọ́ pé oògùn kan wà tí ń gé iṣan ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ fi ń jẹun. A ti fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá wa láti rà á. Ẹ bá wa fi kún un, kí iṣẹ́ náà lè yá."

Òótọ́ ni pé oògùn náà wà. Ní ọdún 1971 ni Dókítà Judah Folkman, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kókó jẹjẹrẹ kò lè dàgbà ju orí abẹ́rẹ́ lọ bí kò bá hu iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bevacizumab, tí a ń tà ní Avastin, fún jẹjẹrẹ ìfun tí ó ti ràn lọ sí ibòmíràn nínú ara. Nínú àwọn tí ó gba kímò nìkan, ìdajì wọn wà láàyè ju oṣù 15 lọ. Nínú àwọn tí a fi oògùn yìí kún ti wọn, ìdajì wọn ju oṣù 20 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kímò ń gbà dé ibi àrùn. Iná ìtànṣán pẹ̀lú ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé. Ibi tí ọ́síjìn kò bá sí, jẹjẹrẹ a máa le koko sí iná náà. Bí a bá wá gé ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà wo ni àwọn méjèèjì yóò gbà?

Dókítà Rakesh Jain, ní Boston kan náà, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 2001. Ẹ wo ilé tí wọ́n fi ìkánjú fa páìpù omi sí: páìpù wọ́, ó ń jò, ilẹ̀ rin gbingbin, síbẹ̀ omi kò dé ẹ̀rọ òkè. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ inú jẹjẹrẹ rí. Bí oògùn yìí bá kọ́kọ́ dé níwọ̀n, ó máa ń gé èyí tí kò wúlò, èyí tó kù a gún díẹ̀, jíjò a dínkù, kímò àti ọ́síjìn a sì rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n àyè kúkúrú ni. Bí ó bá pọ̀ jù tàbí tí ó pẹ́ jù, páìpù rere náà a gé.

Ní ọdún 2004, Dókítà Christopher Willett àti Jain gbé ìwádìí jáde láti Massachusetts General Hospital lórí ènìyàn mẹ́fà tí ó ní irú àrùn ọkùnrin yìí. Wọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní bevacizumab nìkan. Ní ọjọ́ kejìlá, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó náà ti dínkù, ìfúnpá inú rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fi kímò àti iná kún un, tí wọ́n sì dúró ní ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ kàn wọ́n. Ènìyàn mẹ́fà kéré púpọ̀. Títí di òní, oògùn náà kò tíì wọ inú ìtọ́jú tí a ń fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun yìí.

Ohun tí ó sì bà mí lẹ́rù jù nípa ilẹ̀ títà náà ni iṣẹ́ abẹ. Ojú ọgbẹ́ kò lè jiná láìsí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, ohun tí oògùn yìí ń dí lọ́wọ́ gan-an nìyẹn. Kì í tètè kúrò lára. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ọjọ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń fi ó kéré tán ọjọ́ 28 sáàárín rẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ, a kì í sì í tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí ọgbẹ́ yóò fi jiná. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, kí ẹ̀jẹ̀ ya, tàbí kí ìfun lu.

Mo sọ fún obìnrin náà pé kí wọ́n fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ ná, kí ó lọ bi dókítà bóyá oògùn náà bá ipò tí àrùn àbúrò rẹ̀ wà mu. Owó ọkọ̀ ni kí wọ́n wá, nítorí iná ìtànṣán tí a kọ fún un jẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó lé díẹ̀, kò sì dára kí ó máa pa ọjọ́ jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ti ń gba oògùn yìí, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á kẹ́yìn sára káàdì yín. Ẹ fi han dókítà oníṣẹ́ abẹ, ẹ sì fi han oníṣègùn eyín pẹ̀lú, bí ẹ bá fẹ́ yọ eyín.