Kí ló ń sọ kọ̀ǹpútà ilé di workstation?

Láti ìgbà tí wọ́n ti pín alábòójútó iṣẹ́ àṣekágbá fún wa, ìbéèrè tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bi mí jù ni pé kọ̀ǹpútà wo ni kí àwọn rà. Àwọn kan ti dé Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n sì ti gbọ́ "workstation" lẹ́nu àwọn ọlọ́jà. Ohunkóhun tó bá ti tóbi, tó wúwo, tí iná pupa àti búlúù ń tàn lára rẹ̀, workstation ni wọ́n ń pè é. Èmi ò gbà. Kọ̀ǹpútà géèmù lè yára ju workstation lọ, kó má sì jẹ́ workstation. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi, láìyí ohun tí a fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ padà, ni workstation.

Ṣé kọ̀ǹpútà a máa yí nǹkan padà fúnra rẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tó wà nínú RAM, 0 àti 1 ni. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń pè ní bíìtì. RAM tó ti gbó, iná tí kò dúró ṣinṣin, àní ìtànṣán láti òfuurufú pàápàá, lè sọ 0 kan di 1. Níbi ìdìbò kan ní Schaerbeek, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ní 2003, kọ̀ǹpútà fi ìbò 4,096 kún ti olùdíje kan. Wọ́n yẹ ètò rẹ̀ wò títí, wọn ò rí àléébù. Àlàyé tí wọ́n fara mọ́ ni pé bíìtì kan ló yí, torí 4,096 ni iye tí bíìtì kẹtàlá dúró fún gẹ́lẹ́. Ní 2009, ìwádìí kan tí Google àti Yunifásítì Toronto jọ ṣe lórí àwọn kọ̀ǹpútà Google fi hàn pé láàárín ọdún kan, pátákó RAM tó ju mẹ́jọ lọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣe àṣìṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ẹ̀ka tiwa. Lábẹ́ ètò Unicode, nọ́ńbà àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí a ń fi lé orí ọ ni 0300. Ti ohùn òkè ni 0301. Bíìtì kan ṣoṣo, èyí tó kẹ́yìn, ni ìyàtọ̀ wọn. Bí ó bá yí, ọkọ̀ tí ẹ kọ ti di ọkọ́ nìyẹn. Bákan náà ni à àti á, è àti é, ì àti í, ò àti ó. (Ù àti ú nìkan ni bíìtì méjì pín níyà, ẹ má bi mí ohun tó fà á.) Kọ̀ǹpútà ò ní pariwo. Word tó ń fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá wa káàkiri ò sì lè gbà yín. Mo ti gba ohùn àwọn àgbà mẹ́rin sílẹ̀ níhìn-ín ní Awoyaya fún iṣẹ́ mi lórí ohùn; ọ̀kan nínú wọn ti jáde láyé. Mi ò lè padà lọ bi í bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀.

RAM tó ń ṣọ́ irú èyí ni ECC. Fún gbogbo bíìtì 64, ó fi 8 kún un gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí ẹyọ kan bá yí, ó tún un ṣe. Bí méjì bá yí, ó ké gbàjarè. Ẹ lè dá a mọ̀ lójú ọjà láìtan kọ̀ǹpútà náà: lára DDR3 àti DDR4, ẹ ka àwọn ẹ̀rún dúdú tó wà lójú pátákó náà. 8 tàbí 16 ni ti gbogbogbòò. 9 tàbí 18 ni ECC. Kékeré tó sábà máa ń dá wà láàárín kò sí nínú ìkà.

Ṣùgbọ́n pátákó nìkan ò tó. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ gbà á, ìdí nìyẹn tí Xeon fi ṣe kókó. Àwọn Core i7 àtijọ́ tó kún ọjà tòkunbọ̀ ò gbà á. HP Z440, tó jáde ní 2014, gbà á, ó sì ní ojú ihò mẹ́jọ fún RAM, tó lè gbé 128 GB. Ẹ̀yin ò nílò tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan ohùn 44,100 Hz, tí fáìlì rẹ̀ kò ju 320 MB lọ, a máa gba nǹkan bíi 1.3 GB nínú RAM bí Praat bá ṣí i tán. 16 GB tó.

Káàdì àwòrán olówó ńlá? Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya àwòrán ilé. Fáànù ńlá ṣe pàtàkì jù ú lọ, torí kọ̀ǹpútà tó bá gbóná a máa dẹ eré, bẹ́ẹ̀ yanrìn òpópónà tiwa níhìn-ín kì í jẹ́ kí fáànù mí.

Kò sí ECC tó ń gba ohun tó wà nínú RAM là nígbà tí iná bá lọ. Nítorí náà, ní àdúgbò wa, mo ka UPS àti inverter mọ́ ara ẹ̀rọ náà. Kí inverter náà jẹ́ oní-pure sine wave, torí àwọn workstation a máa bá èyí tó rọ̀ jù nínú wọn jà. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó rà: bátìrì 12V 200Ah kan jẹ́ wátì-wákàtí 2,400. Bátìrì ásíìdì ò sì yẹ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì lọ, ó ku 1,200. Bí kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ bá ń jẹ wátì 200, wákàtí mẹ́fà nìyẹn lórí ìwé, àmọ́ inverter fúnra rẹ̀ yóò jẹ nínú rẹ̀, kó ku nǹkan bíi márùn-ún.

Ẹni tí owó bátìrì yìí bá ju agbára rẹ̀ lọ lè wá laptop tó gba ECC, bíi ThinkPad P50 oní-Xeon E3-1505M. Bátìrì tirẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí ẹ wo orúkọ ọpọlọ rẹ̀ dáadáa o, torí àwọn P50 oní-Core i7 náà wà lọ́jà, ìrísí kan náà ni wọ́n sì ní.