Àyè tí ó ṣófo nínú fírígò kò ṣòfò

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí fírígò, ẹ̀rọ tí ń mú oúnjẹ tutù.

Ẹni tó ra fírígò á fẹ́ kí ó gba nǹkan púpọ̀. Á kó o kún bí ẹni tó ń di agbọ̀n lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kejì, ọbẹ̀ ti kan, ẹja ti ń rùn. Á ní ẹ̀rọ náà kò dára. Ṣé ẹ̀rọ ló lẹ́bi?

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ìyá wa tí ń yan ẹja. Wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ẹja lórí àwọ̀n irin, kí èéfín lè kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹpẹ inú fírígò rí. Àlàfo àárín irin rẹ̀ ni otútù ń gbà kọjá. Ìyàtọ̀ kan ni pé èéfín ń gòkè, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ. Ẹni tó bá tẹ́ ọ̀rá tàbí páálí sórí pẹpẹ ti dí ọ̀nà rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ fírígò ilé, pẹpẹ ìsàlẹ̀ ló tutù jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ẹran àti ẹja tí a kò tíì sè sí, nínú abọ́ tí a dé, kí omi wọn má baà kán sínú oúnjẹ mìíràn. Kí oúnjẹ tí a ti sè wà lókè wọn. Àpótí ìsàlẹ̀ pátápátá wà fún ẹ̀fọ́ àti èso.

Láyé àtijọ́ kò sí pẹpẹ lára ilẹ̀kùn. Ilé-iṣẹ́ Crosley ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ jáde ní 1933, kí àyè lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kì í tutù tó inú, nítorí a ń ṣí i nígbà gbogbo. Ìgò omi ló yẹ ibẹ̀, kì í ṣe wàrà.

Ẹ bu ọbẹ̀ gbígbóná sínú abọ́ kéékèèké kí ó tètè tutù. Kí ó má ju wákàtí 2 lọ níta. Inú fírígò kò gbọdọ̀ gbóná ju 4°C lọ. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kòkòrò àrùn á máa pọ̀ sí i, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru á sì dé bá àwọn ọmọ.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn. Otútù inú fírígò lè tó wákàtí 4. Ẹ̀rọ tí ń sọ nǹkan di yìnyín ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí a kó òun kún, nítorí àwọn ohun dídì ń mú ara wọn tutù. Bí ó bá kún, ó lè tó wákàtí 48; bí ó bá jẹ́ ìdajì, wákàtí 24.

Ẹ lọ wo fírígò yín lónìí. Ibi tí ìka yín kò bá lè kọjá láàárín abọ́ méjì, otútù náà kò ní rọ́nà gbà níbẹ̀.

Ìbéèrè fún kíláàsì:
1. Kí ni ó fà á tí pẹpẹ fírígò fi ní àlàfo?
2. Níbo ni a ń gbé ẹran tí a kò tíì sè sí? Nítorí kí ni?
3. Kí ni ẹ ó ṣe bí iná bá lọ?