Ooru Pírósẹ́sọ̀ Láàárín Ọdún ní Alímọ̀ṣọ́

Àwọn tó ń gbá géèmù àtàwọn tó ń ṣe fídíò ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò mọ overclock dáadáa: kéèyàn yí ètò BIOS kí pírósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà lè sáré kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi í sí. Irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìmú ooru wá. Ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, ooru náà ń bá oṣù rìn.

Yálà fáànù lẹ lò tàbí omi tó ń yípo nínú rọ́bà, atẹ́gùn inú yàrá ni yóò gba ooru náà nígbẹ̀yìn. Pírósẹ́sọ̀ kò lè tutù ju yàrá tó wà lọ. Àwọn tó ń dán fáànù wò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sábà máa ń ṣe é nínú yàrá tí ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bí 21°C. Ní Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, tí ooru Èkó máa ń mú jù, ọ̀sán sábà máa ń tó 33°C níta. Yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ fi 12 kún iye yòówù tí wọ́n bá kọ: 78 ọ̀dọ̀ wọn á di 90 ní Ìgándò. Ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ Intel ń dín eré ara rẹ̀ kù bó bá kan 100°C. Ryzen 7000 ti AMD, tó jáde ní 2022, ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní 95.

Ẹni tó bá ṣe overclock rẹ̀ ní Agẹmọ tàbí Ògún, nígbà tí ọ̀sán ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 28, yóò rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀ẹ̀rùn á já a ní irọ́. Ní tèmi, ọ̀sán Ẹrẹ́nà ni kí ẹ ti dán an wò: ẹ jẹ́ kí Prime95 tàbí Cinebench, tó ń fún pírósẹ́sọ̀ ní iṣẹ́ àṣekára, ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí HWiNFO tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn wà ní ṣíṣí. Bí kò bá kọjá 85, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fóltéèjì ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Bí ẹ bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún eré nìkan, ooru á fi bíi ìdá 10 pọ̀ sí i. Bí ẹ bá tún fi ìdá 10 kún fóltéèjì, ooru á fi nǹkan bí ìdá 33 ga. Ní 2024, Intel fúnra rẹ̀ gbà pé fóltéèjì tó pọ̀ jù ń ba àwọn pírósẹ́sọ̀ ìran 13 àti 14 rẹ̀ kan jẹ́, ó sì fi ọdún méjì kún àkókò ìdánilójú wọn. Ẹ gbìyànjú láti dín fóltéèjì kù díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó ronú àtifi kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ra tòkúnbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ Intel tí kò ní K lẹ́yìn nọ́ńbà, bíi èyí tó sábà máa ń wà nínú Dell OptiPlex, kò ṣeé ṣe overclock fún. Ohun tí irú rẹ̀ nílò ni kí ẹ nu pésìtì (thermal paste) tó ti gbẹ kúrò lábẹ́ irin tó ń fa ooru, kí ẹ fi tuntun tó ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan sí i.

Ọ̀yẹ́ ń tanni jẹ. Òwúrọ̀ rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń dí irin tó ń fa ooru pírósẹ́sọ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ di fáànù mú kó má baà yí, kí ẹ tó fẹ́ eruku náà dànù, ní Bélú àti lẹ́ẹ̀kan sí i bí ọ̀yẹ́ bá lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Pírósẹ́sọ̀ Core i9-13900K ti Intel nìkan lè fa wáàtì 253, ká má tíì sọ ti káàdì géèmù. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá ń gbé ilé, ẹ dá BIOS padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣètò rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní UPS tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, kó rà á kó tó ra fáànù tuntun.